Ibi Tí Tọ́ílẹ́ẹ̀tì Wa Kọjú Sí

Láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa mì bí eyín àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì bú púlọ́ńbà tó tò ó. Mo bú u lórí fóònù, mo bú u lójúkojú, mo tún bú u lẹ́yìn nígbà tí kò sí níbẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń pa ìbínú mọ́ra. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ níwèé mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi mọ̀ mí bẹ́ẹ̀, ìyá tó bí mi ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀rọ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì yìí, n kò tíì rí ibi tí mo máa gbé e sọ̀ sí títí di òní, nítorí pé ẹni tí mo bínú sí kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì, torí ibẹ̀ ni ìyà náà ti wá. Ìṣẹ̀rí-Olófin là ń gbé. Nígbà tí a kọ́lé wa, àtẹ̀gùn méjì lèèyàn ń gùn kó tó dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni àwọn kan kó katakata dé, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ pupa sójú títì, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún da òmíràn lé e, wọ́n bá tiwọn lọ. Gọ́tà tí wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá gbẹ́, a kò rí i. Nígbà tí ariwo máa rọlẹ̀, títì ti ga ju pèpéle wa lọ, ilé tí a gun àtẹ̀gùn wọ̀ lánàá ti di ilé tí à ń sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń yà kí wa. Kò tilẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà bí ọmọlúàbí. Ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde ní balùwẹ̀ ló ń gbà wọlé, dúdú, pẹ̀lú àpò ọ̀rá àti òórùn gọ́tà ẹlòmíràn. Mo ti dúró nínú omi yẹn dé ọrùn ẹsẹ̀, tí mo ń fi abọ́ gbọ́n ọn sínú korobá, tí ọkọ mi ń sọ pé ká máa dúpẹ́ pé kò tíì dé pálọ̀. Mo bi í pé ta ló fẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹni tó wa katakata ni àbí ẹni tó rán an níṣẹ́.

Kò sí ilé kan lójú títì wa tí kò tíì gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ rẹ̀ sókè. Àwa nìkan la kù. A ń fi dọ́la dọ́la, títí ọ̀rọ̀ ìyá mi fi dé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyá mi ń gbé, pẹ̀lú àbúrò mi ọkùnrin. Oríkèé ìbàdí rẹ̀ apá ọ̀tún ti jẹ. Ó ń rìn, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ jókòó tàbí kó dìde, wàá rí i tó máa kọ́kọ́ dúró, tó máa di nǹkan mú, tó máa fa èémí sínú kó tó ṣe é. Iṣẹ́ wá gbé àbúrò mi lọ sí Òkè Ọya. Kò sí ẹni tó kù sílé pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni ọmọ tó kàn, ọ̀dọ̀ mi ló sì yẹ kó wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò rọrùn bó ṣe rọrùn láti kọ sílẹ̀ yìí. Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, mo bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dúró síbẹ̀. Ìyá mi kò lé mi, kò ṣépè fún mi, ṣùgbọ́n a ti sọ̀rọ̀ síra wa lórí ẹ̀ nígbà kan, àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í tán nílẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá wá sí Èkó, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Àgbàdo ló ń wọ̀ sí. Á yà sọ́dọ̀ wa, á mu omi, á jókòó díẹ̀, á sì lọ kí oòrùn tó wọ̀. Kò sun ilé mi rí. Nítorí náà, ọjọ́ tó gbà pé òun ń bọ̀ wá gbé pẹ̀lú wa, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún.

Kò béèrè ohun tí a máa fún un jẹ. Kò béèrè yàrá tó máa sùn. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí lórí fóònù.

“Ṣé màá lè dá lọ sí ṣáláńgá níbẹ̀?”

Ṣáláńgá ló ń pe gbogbo rẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó ní omi tó ń fà á lọ. Mo ní, “Ẹ máa dá lọ, màámi. Ẹnì kankan ò ní bá yín débẹ̀.”

Ó ní, “Ìwọ ṣáà rí i bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń dì mí mú lórí ṣáláńgá, ẹ yáa bá mi pe àáfà kó máa bọ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Ìyá mi ti bọ́mọ, ó ti tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ títí ó fi kú, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n máa gbéni sókè gbéni sílẹ̀. Ó lè fara da ebi, ó lè fara da ìrora. Èyí nìkan ni kò lè fara dà. Mo wá pinnu pé bí mo bá máa ṣe nǹkan kan dáadáa fún obìnrin yìí, balùwẹ̀ yẹn ni.

A pe bíríkìlà. Ó tú tọ́ílẹ́ẹ̀tì kúrò, ó to búlọ́ọ̀kù kan ní ìdùbúlẹ̀ yí ilẹ̀ ká, ó da òkúta àti yẹ̀pẹ̀ sínú rẹ̀, ó fi kọ́ńkéréètì bò ó. Èmi fúnra mi ni mo yan táìsì. Mo ní kí wọ́n fún mi ní èyí tí ara rẹ̀ kò dán, tí kì í yọ̀. Mo lọ ra irin tí èèyàn lè dì mú, mo dúró nínú balùwẹ̀ tí mo ń díbọ́n bí ẹni tí ìbàdí ń ro, tí mo ń jókòó sórí korobá tí mo ń dìde, kí n lè mọ ibi tí wọ́n máa kàn án mọ́. Ọkọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, ó ní mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo wọn gíga, mo wọn fífẹ̀. Kò sí ohun tí n kò wọ̀n.

A ti pète pé gbogbo rẹ̀ á ti parí kí ìyá mi tó dé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó máa gbé àbúrò mi lọ yí ọjọ́ padà, àbúrò mi sì mú màámi wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kọ́ńkéréètì ti gbẹ, wọ́n ti lẹ táìsì, ṣùgbọ́n tọ́ílẹ́ẹ̀tì ṣì wà níta lẹ́bàá kànga, ó dorí kodò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ra póò fún ìyá mi. Fún ọjọ́ méjì, póò ni mo ń gbé wọ yàrá fún un, tí mo tún ń gbé e jáde. Kò wò mí lójú nígbà kankan tí mo bá ń gbé e. Ó máa ń kọjú sí wíńdò, á máa ka tẹ̀sùbáà rẹ̀, bí ẹni pé ilé ẹlòmíràn ni nǹkan yẹn ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ wá rí ìdí tí mo fi ń kánjú nígbà tí púlọ́ńbà dé. Ọmọ Ìbàdàn ni, ọkùnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta, tí àpá ìforíkanlẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Àáfà Púlọ́ńbà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í pariwo, kì í purọ́ ọjọ́, bó bá ní aago mẹ́jọ, aago mẹ́jọ ni. Ó yẹ kí ìwà yẹn ti jẹ́ kí n ní sùúrù fún un lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo fi í sílẹ̀ nílé láàárọ̀, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyá mi wà ní pálọ̀. Ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó di àsìkò ìsinmi, tí ariwo àwọn ọmọ fẹ́ la òrùlé, fóònù mi dún. Àáfà ni. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń so. Ó ní ìṣòro wà. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ti ga, ẹnu ìdí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò bá ihò àtijọ́ tó wà lára ògiri ẹ̀yìn mu mọ́. Bí òun bá ní kí òun lu ihò mìíràn sókè rẹ̀, ìdí òpó tó gbé táńkì omi dúró ló máa bọ́ sí. Ó ní ohun tó rọrùn ni kí òun yí tọ́ílẹ́ẹ̀tì sí ògiri ẹ̀gbẹ́, torí ihò kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ gan-an wà lápá ibẹ̀, páìpù á sì lọ tààrà.

Mo ní, “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí?”

Ó ní, “Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni, màdámù. Tí mo bá yí i báyìí, ẹni tó bá jókòó á kọjú sí gá...”

Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ já. Lẹ́yìn ọgbà wa, lápá ibi tó máa kọjú sí náà, ni àwọn oní-kẹ̀kẹ́ sọ di gáréèjì. Ariwo wọn ti sú mi tipẹ́. Ohun tí mo gbọ́ ni pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì máa kọjú sí gáréèjì. Mo tiẹ̀ rò pé ó ń bẹ̀rù kí wọ́n má máa yọjú láti wíńdò. Orí mi gbóná. Obìnrin kan wà nílé tó ń lo póò, ọkùnrin yìí ń bá mi sọ̀rọ̀ gáréèjì.

Mo pariwo sínú fóònù, “Kí ló kàn mí nínú ibi tó kọjú sí? Ilé mi ni, kì í ṣe ilé wọn. Ẹ yí i, jàre, kó ṣáà ti máa ṣiṣẹ́.”

Ó ní, “Ó dáa, màdámù.” Mo pa fóònù, mo padà sínú kíláàsì, mo sì kọ́ wọn ní ìṣirò bí ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Nígbà tí mo délé, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti wà ní ìdúró, ó funfun báláú, irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi ń fà á lọ geere. Mo pe ìyá mi kó wá wò ó. Ó wá, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ilé yín dára.” Mo bi í pé ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní, “Ilé yín dára, ọmọ mi.” Mo gbé póò jù sẹ́yìnkùlé, inú mi dùn débi pé mo kọrin.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí mo jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn, ó mì. Ó mì díẹ̀ sí òsì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo ìdí rẹ̀, mo rí i pé sìmẹ́ńtì ti là, omi sì ti ń sun wá. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá yẹ̀ nígbà tí ìyá mi wà lórí rẹ̀ ńkọ́? Ìbàdí yẹn ni á tún fi ṣubú. Mo pe Àáfà, mo sì fi ẹnu mi bọ́ ọ láṣọ. Mo bi í pé ṣé iyanrìn lásán ló fi mọ ọ́n ni. Ó wá ní aago mẹ́jọ ọjọ́ kejì, ó ha sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò, ó tún un ṣe, ó ní ká má lò ó títí di ọjọ́ kejì. Mo lọ mú póò padà láti ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi tún kọjú sí wíńdò.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó tún mì. Sí òsì náà ni. Mo bú Àáfà débi pé aládùúgbò yọjú. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò jíhìn rẹ̀ lọ́run. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn á dùn ún ni mo ṣe yàn án. Ó tún un ṣe, ó fi bóòtù méjì dè é mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, ó lọ.

Lákòókò yìí kan náà, ìyá mi ń rù. Ó máa ń pẹ́ nínú balùwẹ̀. Bó bá jáde, á fi ọwọ́ ti ògiri, ọwọ́ kejì á wà ní ìbàdí, iwájú orí rẹ̀ á tutù fún òógùn. Mo rí i pé ago omi tí mo ń gbé síwájú rẹ̀ kì í tán. Mo ní, “Màámi, ẹ mu omi.” Á ní òun ti mu. Mo bi í pé ṣé ìbàdí ń dùn ún sí i ni. Á ní Èkó ló tutù. Èkó wo ló tutù? Mo bínú sí dókítà tó fún un lóògùn. Mo bínú sí àbúrò mi. Mo bínú sí àwọn oní-katakata lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé bí kò bá sí tiwọn, ta ló máa tú tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó jókòó jẹ́ẹ́. Gbogbo èèyàn ni mo ti bínú sí tán, ó ku èmi.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ó mì lẹ́ẹ̀kẹta. Bóòtù ti fa táìsì ya. Ọjọ́ Sátidé ni, mo wà nílé. Nígbà tí Àáfà dé, mo dúró lé e lórí nínú balùwẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi ní ìbàdí, mo ní òní ni á sọ fún mi bóyá òun mọṣẹ́ tàbí òun kò mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka tọ ibi tó ti là.

Ó ní, “Màdámù, ẹ wo ibi tó ti ń là. Apá òsì nìkan ni, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá jókòó kó kọjú síwájú, kò lè fà á ya báyìí. Ẹnì kan ń jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́ sórí ẹ̀ ni, gbogbo ara rẹ̀ sì ń tẹ ẹ̀bá kan.”

Mo ní, “Ta ló ń jókòó ní ìfẹ̀gbẹ́? Ṣé ẹṣin ni?”

Ó gbé ojú sókè, ó wò mí. Kò bínú. Ó jọ pé àánú mi tiẹ̀ ń ṣe é. Ó ní, “Màmá ni. Wọn ò lè kọjú síbẹ̀ yẹn kí wọ́n ṣe é. Mo ṣáà sọ fún yín lórí fóònù.”

“Ẹ sọ kí ni fún mi?”

“Mo ní á kọjú sí gábásì.”

Mo wo wíńdò balùwẹ̀. Oòrùn àárọ̀ gba wíńdò kékeré yẹn wọlé, ó bọ́ sórí táìsì tuntun, ó sì ran tọ́ílẹ́ẹ̀tì lójú tààrà. Gábásì. Ibi tí ìyá mi ń kọjú sí nígbà márùn-ún lóòjọ́ láti kírun, ibẹ̀ gan-an ni mo ní kó kọjú sí láti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀.

Àáfà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ ní pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n ní bó bá ti jẹ́ inú ilé tí ògiri wà, kò burú, pé gbalasa nìkan ni wọ́n ti kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn sì ní kò sí ibi tó dáa. Ó ní ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ṣáà pe òun sí, òun kì bá má tiẹ̀ béèrè, ṣùgbọ́n òun rí màmá ní pálọ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ni òun ṣe pè mí. Ó ní sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ òun lọ́jọ́ náà, òun gbé fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, òun sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí òun lè máa gbọ́ mi.

Ó ṣí ohùn rẹ̀ sókè. Ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa àti àga tí ìyá mi ń jókòó sí kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀ ní pálọ̀ ara mi, níwájú ìyá mi, èmi ò sì sí nílé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ABD. Ní ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣáláńgá bàbá mi, gábásì ló kọ ẹ̀gbẹ́ sí, gbogbo wa la sì mọ ìdí rẹ̀. Bí a bá ń tọ̀ nínú oko, a kọ́kọ́ máa ń wo ibi tí òjìji wà. Ìyá mi ló kọ́ mi. Èmi yìí ni mo wá dúró nínú balùwẹ̀ tí mo wọn gíga, tí mo wọn fífẹ̀, tí mo jókòó sórí korobá ṣe bí arúgbó, tí n kò sì ronú kan ohun kan ṣoṣo tí arúgbó náà ń rò. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo fi ọwọ́ gbá ògiri. Àáfà ní kí n rọra, kí táìsì mìíràn má bàa tún ya.

Mo lọ bá ìyá mi ní pálọ̀. Ó yẹ kí n ti wólẹ̀. Ìbínú ni mo bá débẹ̀.

Mo ní, “Màámi, ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹ ń lọ́ ìbàdí yẹn fún ọjọ́ mọ́kànlá. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?”

Ó ń ṣẹ́ ewédú... rárá, irọ́ ni, kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn jókòó ni. Ó ní, “Kí ni kí n sọ? Mo gbọ́ ohùn rẹ. O ní kí ló kàn ọ́.”

“N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni. Fóònù já. Mo rò pé gáréèjì ni wọ́n pè.”

“Gáréèjì?”

“Gáréèjì oní-kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà.”

Ó wò mí bí ó ṣe máa ń wò mí ní kékeré bí mo bá ní ológbò ló jẹ ẹran. Ó ní, “Ta ló máa ń sọ pé ṣáláńgá kọjú sí gáréèjì?”

Òótọ́ ni mo sọ, ó sì dún bí irọ́ ọmọdé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ariwo àwọn ọmọ, àsìkò ìsinmi. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé sí i ni ó ń burú sí i. Mo ní, “Ṣé ẹ rò pé mo lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí yín ni?” Ó sì dùn mí, mo sọ ọ́ fún un pé ó dùn mí, pé kí ìyá mi jókòó sílé mi kó sì gbà pé mo fi ṣáláńgá ránṣẹ́ sí òun.

Ó ní, “Ilé rẹ ni. O ní ilé rẹ ni. Àlejò ò ní sọ ibi tí wọ́n máa gbé nǹkan sí. Mo ní bóyá bí o ṣe fẹ́ dá mi lóhùn nìyẹn.”

“Dá yín lóhùn kí ni?”

“Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa ṣọ́ọ̀ṣì rẹ.”

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá, ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn. Ọdún lọ́dún bọ̀ ni a kò ti dárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ó ti kú. Obìnrin yìí ti gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti gbà pé mo ṣì ń jà á, ó sì ti pinnu pé òun kò ní jà padà. Ìbàdí rẹ̀ ló fi ń san án.

Mo padà sí balùwẹ̀. Bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún Àáfà lórí táìsì, mo ní kó má bínú, gbogbo èébú yẹn, orí mi ni kó padà sí. Ó ní kò tó nǹkan, òun kò tiẹ̀ rántí. Mo ní ó gbọ́dọ̀ rántí, torí èmi ò lè gbàgbé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde, kí n jẹ́ ká wá bí a ṣe máa yí i padà.

Kò rọrùn. Òpó táńkì yẹn kò mọ̀ pé a ti ṣẹ̀. Ọkọ mi gbẹ́ ìdí rẹ̀, ó pe alurinmọ́rin, wọ́n sún ẹsẹ̀ irin kan sẹ́yìn. Àáfà lu ihò tuntun lára ògiri ẹ̀yìn, ó gbé páìpù gba òkè ihò àtijọ́, ó di ihò tó wà lára ògiri ẹ̀gbẹ́. Ọkọ mi bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé inú ilé tí ògiri wà kò tó. Mo wò ó. Kò tún bi mí mọ́. Nígbà tó máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ti padà sí ìdúró rẹ̀ àtijọ́, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí oòrùn, kò sì mì mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo tún kan irin náà mọ́ ibòmíràn. Táìsì tó ya, a kò rí irú rẹ̀ mọ́, a fi òmíràn dí i. Àwọ̀ rẹ̀ kò bá ìyókù mu.

Mo lọ sọ fún ìyá mi pé ó ti gbẹ. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ gáréèjì yẹn fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó fetí sí i títí mo fi parí. Ó ní, “Mo ti gbọ́.” Kò ní òun gbà á gbọ́.

Ó gbé bútà rẹ̀, ó rìn lọ sí balùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò pẹ́. Mo gbọ́ tí omi fà á lọ, mo gbọ́ tí irin dún díẹ̀ bó ṣe dì í mú. Nígbà tó jáde, ó nàró. Kò sí òógùn níwájú orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sí ní ìbàdí. Ohun tí mo ṣèlérí fún un lórí fóònù ló rí gbà yẹn. Ó dé iwájú mi, ó dúró, ó tẹ orí ba díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń ṣe fún onílé.

Ó ní, “Ẹ ṣé.”

Láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi, kò fi “ẹ” bá èmi nìkan sọ̀rọ̀ rí. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ní bóyá ọkọ mi ló ti dé. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.